Igun Òsì Lókè

Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mira. Ó gbéra díẹ̀ lórí máòsì bí eṣinṣin tó fẹ́ fò, ó tún balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yí. Díẹ̀ báyìí. Kò tó ìbú èékánná. Lójú kọ̀ǹpútà, ọfà kékeré kan gbéra láàárín àwòrán, ó gba orí àtẹ̀gùn kọjá, ó gba orí nọ́ńbà kọjá, ó forí lé igun òsì lókè. Ojú obìnrin náà kò bá a lọ. Ojú wà lórí ìlà kan tó yọrí níbi tí kò yẹ kó yọrí sí. Ta ló ń fi ojú sin ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà ilé? Ọfà dé igun. Ìka tẹ̀ ẹ́. Kọ́. Ọfà padà wá sídìí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìwọ̀n, ìka tún tẹ̀ ẹ́. Kọ́. Ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà lórí kíbọọ̀dù, àmì pé ó parí.

Ìlà náà kò lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Ah-ah," ni obìnrin náà wí. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wo igun òsì, tó sì rántí pé àjèjì ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé ìlà kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Ó wá a kiri bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn, ó rí i nísàlẹ̀ díẹ̀, ìkẹta láti òkè. Ó gé ìlà rẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni àjèjì tó tẹ̀ yẹn ti ṣe. Àṣìṣe ọjọ́ náà nìyẹn. Kò pariwo. Kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn wọlé, ó jókòó.

Àǹtí Ìlà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ayàwòrán iṣẹ́ irin. Àtẹ̀gùn, géètì, òpó, irin ìdìmú tí kì í jẹ́ kí èèyàn ré bọ́ láti òkè: kí àwọn wẹ́dà tó fi iná kàn án, òun ló ti kọ́kọ́ fi ìlà kàn án. Yàrá àwọn ayàwòrán wà lókè ilé iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà márùn-ún, fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí àgbàlá. Tí wọ́n bá ń gé irin nísàlẹ̀, omi máa ń gbọ̀n nínú ife lórí tábìlì. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé, lọ́jọ́ tí omi bá dákẹ́, á yọjú lójú fèrèsé pé, "Ṣé kò sí iṣẹ́ lónìí ni?"

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé kọ̀ǹpútà ló ń yàwòrán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ àtẹ̀gùn yàtọ̀ sí àkàbà. Irinṣẹ́ ló ní, wọ́n pọ̀ bí ìṣó nínú agolo, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì kékeré tirẹ̀ lójú àtẹ. Èyí ń fa ìlà. Èyí ń yí òbìrí. Èyí ń gé, èyí ń nà, èyí ń wọ̀n, á sì kọ nọ́ńbà ohun tó wọ̀n. Bí wọ́n ṣe ti ọwọ́ àwọn tó ṣe é wá, irú ló ń bá irú gbé: àwọn tó ń fa nǹkan nílé kan, àwọn tó ń yí nǹkan padà nílé kejì, àwọn tó ń wọ̀n nílé kẹta. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta irinṣẹ́. Ìṣó lọ́tọ̀, òòlù lọ́tọ̀. Ó dára fún ẹni tó ń rajà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í rajà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fa ìlà tán, ó fẹ́ gé e. Ó gé e tán, ó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ta ló fẹ́ máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láàárín ìlà kan ṣoṣo? Nítorí náà, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, Àǹtí Ìlà tú gbogbo ilé wọ̀nyẹn ká. Ó tò wọ́n bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì, láti òkè wá sílẹ̀. Gé ló wà lókè pátápátá. Ìparẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n lábẹ́ ìyẹn. Bí ó ṣe kọ́ ọ nìyẹn lórí pákó ìyàwòrán, nígbà tí pẹ́ńsù àti rúlà ṣì jẹ́ ọba, lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọlọ́wọ́-Òsì.

Òsì ló fi ń yàwòrán lóòótọ́. Àwọn wẹ́dà a máa fi òwe ṣe é ní yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Á gbójú sókè lórí pákó. Kò ní rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi júwe ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló yà á kí wọ́n tó kọ́ ọ?" Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ohun méjì péré ló máa ń tẹnu mọ́: wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, dá a padà síbi tó o ti mú un. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ fi pákó ìyàwòrán náà ránṣẹ́. Kò gbé e fún ọmọ kankan. Kò tà á. Àǹtí Ìlà ló fi ránṣẹ́ sí.

Ẹni tó wá tú àtẹ rẹ̀ ká kì í ṣe ọ̀tá. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le.

Ẹnjiníà ni, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé kó bá wọn tún yàrá àwọn ayàwòrán tò. Ó mọ iṣẹ́. Ó ń kí èèyàn. Tó bá ń fọ ife tirẹ̀, á fọ tẹni tó jókòó tì í mọ́ ọn. Ohun tó rí nígbà tó dé ni pé kọ̀ǹpútà márùn-ún ni, ilé ìdáná márùn-ún sì ni. Kò sí ilé méjì tí ṣíbí ti ń gbé ibì kan náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ kó fa ìlà kan láìṣẹ́ èpè. Nítorí náà, ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ẹnjiníà dá gbogbo àtẹ padà sí bí wọ́n ṣe ti ọwọ́ aláṣe wá. Kì í ṣe pé ó yọ́ ọ ṣe. Ó ti sọ ọ́ fún wọn ní Ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn mi orí. Àǹtí Ìlà náà mi orí. Ó rò pé àwọn yòókù ni wọ́n ń bá wí.

Ní Ọjọ́ Ajé, kò tíì fi báàgì rẹ̀ kọ́ tí ohùn rẹ̀ fi gba yàrá kan.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

"Èmi ni, mà," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ti gbogbo wa ni mo ṣe. Kò ní pẹ́ mọ́ yín lára."

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi tò ó."

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ tí ara yín ò bá yá lọ́la, ta ni yóò lè lo ẹ̀rọ yín?"

"Ara mi á yá."

"Àmín, mà. Ṣùgbọ́n ká sọ pé…"

"Má sọ pé. Ara mi á yá!"

Ẹnì kan fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó kéré sí Àǹtí Ìlà lọ́jọ́ orí, kì í sì í pè é láìfi Àǹtí sí i. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í.

"Ẹ gbọ́, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Àmọ́ àtẹ kan náà la fẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ títí di Ọjọ́ Ẹtì. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ fi yíyà sílẹ̀ fún àwọn àbúrò yín, kí ẹ máa bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ àgbà ni. Mo tiẹ̀ ti ń wá àga tó dára fún yín."

Àga. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gba ìrìn lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní àga tó dára. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fa ìlà. Kò sí ohun mìíràn tó ń fún un ní irú ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn, kí nǹkan tí kò sí rí bẹ̀rẹ̀ sí í wà lábẹ́ ọwọ́ ẹni. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ṣé òun ni yóò máa fà á, àbí òun ni yóò máa wo èyí tí ẹlòmíràn fà?

Inú ooru ọ̀rọ̀ yẹn ló jókòó sí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Irin ìdìmú kan, fún òkè ilé ìkàwé àwọn ọmọdé. Àwọn tó ni iṣẹ́ ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kí ibi tí àtẹ̀gùn parí sí fẹ̀ sí i: kí irin tó jẹ́ 240 sẹ̀ǹtímítà di 260. Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ó gé ìlà kan tó yọrí, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣìnà lọ sí igun òsì. Ó mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń nà, ó na irin náà. Ìlà gùn. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀.

Kò wo nọ́ńbà. Kí ló fẹ́ wò ó sí? Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà so mọ́ ìlà bí òjìji ṣe so mọ́ ẹsẹ̀. Tí ìlà bá gùn, nọ́ńbà á yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Ọdún méjìlélógún, nọ́ńbà kò purọ́ fún un rí.

Ní Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ wúwo kan ń gòkè bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, irin ń kan ògiri gbàǹ, gbàǹ. Bàbá Wẹ́dà ni, olórí àwọn wẹ́dà, ẹni tí òun àti Àǹtí Ìlà jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Ọlọ́wọ́-Òsì. Orí ẹ̀ ti funfun, eérú irin sì ti sọ funfun ọ̀hún di àwọ̀ mìíràn. Ó gbé irin gbọọrọ kan sí èjìká. Ìdajì irin náà wọlé, ìdajì wà lóde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ṣe iṣẹ́ irin."

"Ẹ kú ìgòkè, Bàbá Wẹ́dà. Kí lẹ gbé dání bẹ́ẹ̀?"

"Irin yín ni. Ó ní òun fẹ́ rí ìyá òun."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Ìlà náà rín díẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Nǹkan kan kò ṣe é. Ó gún, ó dán, ẹ lè fi ojú ẹ̀ ṣe dígí. Ó kàn kúrú ni. Ìbú ọwọ́ méjì." Ó gbé irin náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ yí padà. "A gbé e débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àlàfo tó kù, Àǹtí, ọmọdé kan á gba ibẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ tòun ti ìwé lọ́wọ́."

Àǹtí Ìlà yí àga rẹ̀ sí i.

"260 ni mo yà."

"240 lẹ kọ. Ìwé yín rèé. 240 ni mo gé. Irin gígùn ṣeé gé kúrú. Ẹ bá mi wá ẹni tó ń fa kúkúrú gùn."

Àǹtí Ìlà ṣí àwòrán náà. Ó wọn ìlà. 260. Ó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. 240. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó retí kí ìlà ìwọ̀n àti ọfà rẹ̀ jọ tàn pa pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tàn. Nọ́ńbà nìkan ló tàn. Ó dá wà. Bí eyín tó ti yọ, tó ṣì wà lẹ́nu. Kì í ṣe ìwọ̀n mọ́. Ìkọ̀wé lásán ni.

Ó rántí ìlà tí kò lọ. Igun òsì lókè. Àjèjì.

Ẹnjiníà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì ti rí i. "Tú," ó wí. Irinṣẹ́ kan ni Tú. Ohun tó bá so pọ̀, á tú u sí wẹ́wẹ́. Ó wúlò lọ́jọ́ tó bá wúlò. Tí èèyàn bá lò ó sórí ìwọ̀n, kò sí ohun tí ojú máa rí, nọ́ńbà á ṣì wà, ọfà á ṣì wà, ṣùgbọ́n okùn àárín wọn ti já. "Òun ló wà lókè ilé àwọn tó ń yí nǹkan padà, ní igun òsì yẹn. Èmi ni mo dá a padà síbẹ̀, mà. Ẹ̀bi mi ni."

Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Àǹtí Ìlà níbẹ̀. Ó lè gba ibẹ̀ jáde. Gbogbo èèyàn ń wò ó, ọ̀rọ̀ kan ló kù kó sọ, kí ẹ̀bi bọ́ sí ọrùn ọmọbìnrin náà, kí àtẹ òun sì padà. Àǹtí Ìlà wo irin kúkúrú tó nà gbalaja lórí ilẹ̀.

"Ìwọ lo gbé e síbẹ̀," ó wí. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mi ò sì wo nọ́ńbà."

"Kí ẹ̀yin méjèèjì pín in láàárín ara yín," ni Bàbá Wẹ́dà wí, "kí n lọ gé òmíràn. Ó jẹ́ mélòó?"

"260."

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

"Lẹ́ẹ̀mejì?"

Wọ́n wo ara wọn. Ó tún un wọ̀n.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Kò bínú. Ó kàn fi orí yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí," ó wí, "mo ti rí àga yẹn o."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú. Télọ̀ ni, ọkùnrin tó ń fi ẹnu gba abẹ́rẹ́ tó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àǹtí Ìlà kí i, kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nǹkan kan jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ìyá wọn, ṣé a fẹ́ kó kúrò nílé yìí ni?"

"Ẹ bá mi gbé orí ẹ̀."

Pákó ìyàwòrán Ọlọ́wọ́-Òsì ni. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì tí ọkùnrin náà fi ń gé aṣọ. Ó nu eruku rẹ̀ kúrò. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe: òun yóò gbé pákó náà lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Òun yóò gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀gá àti Ẹnjiníà, òun yóò ní kí wọ́n wò ó, pé bí iṣẹ́ yìí ṣe ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ rèé, kì í ṣe agídí. Ìṣó márùn-ún ṣì wà létí pákó lápá òsì. Ó fi abẹ gígé ìwé kọ́ sórí ti òkè pátápátá. Ìparẹ́ pẹ̀lú okùn rẹ̀, lábẹ́ ìyẹn. Rúlà ìwọ̀n, lábẹ́ ìyẹn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń wò wọ́n. Bí ẹni tó dé ilé bàbá rẹ̀ tó bá àga níbi tí àga ń gbé.

Ó jókòó. Ọwọ́ òsì di rúlà gígùn mú kó má yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mú pẹ́ńsù. Ó fa ìlà kan, ọwọ́ ọ̀tún sì gba orí ọwọ́ òsì kọjá, ó lọ sí igun òsì lókè, ó mú abẹ.

Ọkọ rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Bàbá wọn, ṣé ijó ni mo ń jó fún yín ni?"

"Kí ló dé tó o fi ń na ọwọ́ kọjá ara rẹ bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n wà."

"Ta ló kàn wọ́n síbẹ̀?"

"Ọ̀gá mi."

"Èyí tó ń fi òsì ṣiṣẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, pẹ̀lú abẹ.

"Ṣé o rántí àlùmọ́gàjí tí oníbàárà kan gbé fún mi," ni ọkùnrin náà ń wí lọ, "tó ń jẹ aṣọ lẹ́nu dípò kó gé e? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bú irin yẹn. Mo pọ́n ọn títí. Mo tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ sínú kànga. Irin kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n ṣe é fún." Ó rọra fi ìka kan ihò kan létí pákó lápá ọ̀tún. "Èyí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni fìtílà ń dúró sí."

"Lápá ọ̀tún?"

Lápá ọ̀tún. Kí ọwọ́ òsì tó ń yàwòrán má bàa dá òjìji sórí ìlà. Ó rí i báyìí, kedere, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fìtílà náà. Ọdún mẹ́jọ ló fi jókòó sídìí pákó yìí àti irú rẹ̀, ọ̀tún ni iná ti ń wá, òjìji ọwọ́ ara rẹ̀ sì ń bo ibi tó ń fà. Ó máa ń tẹ orí láti wo abẹ́ ọwọ́. Ọrùn máa ń dùn ún. Ó rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ó rò pé inú òjìji ni gbogbo ayàwòrán ti ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe pé kò mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ ọwọ́ tí ọkùnrin náà ń lò. Ó gbọ́ òwe yẹn títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọ̀run jìnnà: kò fi í ṣe nǹkan kan. Ó kọ́ iṣẹ́, ó kọ́ ọwọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sì dé, ó kó ìṣó márààrún lọ síbẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá. Ẹ̀rín tó mi èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan mìíràn. Àtẹ tí wọ́n tú, tó fi ń pariwo láti Ọjọ́ Ajé, kì í ṣe tirẹ̀. Àtẹ òkú ni. Ó sì fẹ́ràn òkú náà.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Kí ni yóò sọ?" Ọkọ rẹ̀ ti padà sídìí aṣọ rẹ̀. "Tirẹ̀ ló fi hàn ọ́. Ìwọ ni kò béèrè bóyá ó bá ọ mu."

Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú bọ̀. Kó tó dìde, ó tú àwọn irinṣẹ́ náà kúrò lórí ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ibi tí yóò dá wọn padà sí. Ó kó wọn lé itan.

Kò gbé pákó lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọwọ́ lásán ló gbé lọ.

"Ẹnjiníà, gbé àga rẹ wá. Mú ìwé àti pẹ́ńsù."

Ọmọbìnrin náà wá, ó ń wò ó tìfura tìfura. "Ẹ má bínú nípa àná, mà…"

"Àná ti lọ. Mo fẹ́ kí o wo ọwọ́ mi. Má wo ojú ẹ̀rọ. Èyí tí mo bá mú, kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí mo bá mú tẹ̀ lé e, kọ ìyẹn náà."

Àárọ̀ kan odindi. Àǹtí Ìlà ń yàwòrán géètì, ó ń wá irinṣẹ́ pẹ̀lú ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, Ẹnjiníà ń kọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn yòókù. Àwọn ayàwòrán ń ráhùn pé wọ́n ń wo àwọn bí ẹni tó fẹ́ jalè. Nígbà tí wọ́n to ìwé náà jọ, ohun kan hàn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀: irinṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ni gbogbo wọn ń lò láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bákan náà.

"Kí irú máa bá irú gbé, mi ò jà," ni Àǹtí Ìlà wí. "Ẹni tó ń wá nǹkan tí kò mọ̀ yóò mọ ilé tó máa kàn. Ṣùgbọ́n kí a fún mẹ́sàn-án yìí ní àtẹ tiwọn, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ọ̀kan náà."

"Lápá òsì, bíi tiyín tẹ́lẹ̀, mà?"

Àǹtí Ìlà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ta ni ọlọ́wọ́ òsì níbí?" ó bi gbogbo yàrá.

Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ kankan sókè.

"Ọ̀tún," ó wí. "Gbé e sí ọ̀tún. Kí o sì bá mi lé Tú jáde nínú ilé tó wà. Ẹni tó lè tú ilé ká kò gbọdọ̀ máa gbé lójúde."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Níbo ni kí n gbé e sí, mà?"

"Ìsàlẹ̀ pátápátá. Kó sì máa béèrè kó tó ṣe ohunkóhun."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ gòkè wá, àga tó ń yí ló ń tì bọ̀, aláwọ dúdú, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ó bá Àǹtí Ìlà lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ Ẹnjiníà ló jókòó sí. Ó ń fa òpó kan. Ojú rẹ̀ wà lórí ìlà. Ọ̀gá dúró, ó ń wo ọwọ́ náà: ìka gbéra, ọrùn ọwọ́ yí, ọfà lọ sápá ọ̀tún, ó padà. Kò jìnnà. Ó fa, ó gé, ó wọ̀n. Ó wo nọ́ńbà. Ó tún un wọ̀n.

"Ó ti bá yín lára mu nìyẹn, Àǹtí?"

"Ó ń bọ̀ wá mu."

"Àga yìí wá ńkọ́?"

"Ẹ gbé e fún Bàbá Wẹ́dà. Ó ti gòkè jù lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ á máa ro ó."

Àtẹ kan náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà márààrún báyìí, lápá ọ̀tún. Tú dá wà nísàlẹ̀. Irin ìdìmú ilé ìkàwé jẹ́ 260, wọ́n ti kàn án mọ́lẹ̀. Àǹtí Ìlà ṣì ń yàwòrán. Ọkọ rẹ̀ ń gé aṣọ lórí pákó Ọlọ́wọ́-Òsì, ó ní ojú ẹ̀ tẹ́jú ju tábìlì òun lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń lọ sí igun òsì lókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.